Yàrá Kan Ṣoṣo: Àyè Wà Lókè, Àyè Wà Nísàlẹ̀, Ṣùgbọ́n Kí Ló Máa Gbé Ẹrù Náà Dúró?

Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn yàrá yín. Tó bá jẹ́ yàrá kan nínú ilé "face-me-I-face-you" ní Mushin, ní Agége tàbí ní Ìbàdàn lẹ ń gbé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po 10 lọ́nà 12 jẹ́ 120. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀, tó gùn ní 6, ti jẹ 27 níbẹ̀. Fíríìjì jẹ tirẹ̀, àga jẹ tirẹ̀, àpótí aṣọ jẹ tirẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì fẹ́ ibi tó máa ṣí sí. Ohun tó kù ni ibi tí ẹ máa gbẹ́sẹ̀ lé. Tí àlejò bá dé, orí bẹ́ẹ̀dì náà ló máa jókòó.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan la wọ̀n yẹn o. Ẹ wá na téèpù sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, láti ilẹ̀ dé àjà máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 9. Ká ní ẹ ní páálí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan kan, irú rẹ̀ 1,080 ló máa wọ inú yàrá yẹn. Nínú 1,080 yìí, 360 ló wà lókè ibi tí orí ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 mọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá tí ẹ ń san owó rẹ̀ ló wà lókè orí yín, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi fáànù àti gílóòbù.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé òkè kì í ṣe àyè òfo. Òkè àjà ni wọ́n ń kó àgbàdo àti ìkòkò tí wọn kì í lò lójoojúmọ́ sí, èéfín tó ń ti ibi ìdáná gòkè a sì máa lé kòkòrò kúrò lára irúgbìn. Ní Hong Kong lónìí, níbi tí ilé ti wọ́n bí ojú, ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Gary Chang fi irin kọ́ ògiri mọ́ àjà ilé kékeré tó ti ń gbé láti ìgbà èwe rẹ̀. Gbogbo ilé náà kò ju mítà 32 níbùú-lóròó lọ. Ó ń fa ògiri lọ, ó ń fa ògiri bọ̀, bí ẹni ń fa kọ́tìn, títí tí ibì kan ṣoṣo yẹn fi lè di oríṣi yàrá 24. Àwa ò ní owó ògiri tó ń rìn. Pákó, skrúù àti ọpọlọ la ní, wọ́n sì tó.

Bí pẹpẹ ṣe máa rẹwà nínú fọ́tò kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Instagram ti kún fún ìyẹn. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín kí ẹ tó kan ìṣó kankan: kí ló ń gbé ẹrù yìí dúró? Atẹ́gùn ń gba ibo kọjá? Ẹni tó gbé ẹrù sókè láìbéèrè àkọ́kọ́, orí ẹnì kan ni ẹrù náà ń wò. Ẹni tó kó ẹrù sísàlẹ̀ láìbéèrè ìkejì, ohun tó máa kó jọ síbẹ̀ lè burú ju eruku lọ.

Ìwé wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ ara ògiri, torí òun ló rọrùn jù láti ṣe, òun náà ló sì máa ń já jù.

Ìwé A4 kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì, gíráàmù 5 péré ni. Ta ló máa bẹ̀rù gíráàmù 5? Ṣùgbọ́n 500 rẹ̀ nínú páálí kan ti di kílò 2 àbọ̀, nínípọn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Pẹpẹ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91. Tí ẹ bá to ìwé A4 kún un láti etí dé etí, páálí 18 ló máa gbà. Ìyẹn kílò 45. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá to hándàùtì, ìwé àpilẹ̀kọ àti tẹ́síìbúùkù kún pẹpẹ ẹsẹ̀ bàtà 3, bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì kọ́ sórí ibi tó ń sùn ni.

Kílò 45 yìí nìkan kọ́ ni wàhálà. Ibi tó wà sí ògiri ló ṣe pàtàkì. Ẹ gbé garawa omi kan, kí ẹ dì í mú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara yín. Kò burú. Ẹ wá na apá yín síwájú gbọọrọ, pẹ̀lú garawa kan náà lọ́wọ́. Omi ò pọ̀ sí i, garawa ò yí padà, síbẹ̀ èjìká yín ti ń gbọ̀n. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ibi tó so mọ́ tó ni agbára tó fi ń yí ibẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ògiri ni èjìká pẹpẹ yín, àwọn skrúù sì ni iṣan rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Irin onígun tí àwọn káfíńtà ń pè ní bírákẹ́ẹ̀tì ní ẹsẹ̀ méjì: ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀kan gbé pákó. Tí ẹrù bá tẹ pákó nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ irin náà á ti ògiri, òkè rẹ̀ á sì fẹ́ ṣí kúrò lára ògiri. Skrúù òkè nìkan ló ń sọ pé rárá. Ká ní ìwé kílò 24 ló wà lórí pẹpẹ, irin méjì ló sì gbé e: kílò 12 ló kan irin kọ̀ọ̀kan. Pẹpẹ náà yọ síta ní íǹṣì 12, nítorí náà àárín ẹrù wà ní íǹṣì 6 sí ògiri. Tí ó bá jẹ́ íǹṣì 6 ni láti ìsàlẹ̀ irin dé skrúù òkè, skrúù yẹn ń jẹ ìfàyọ tó tó kílò 12. Tó bá jẹ́ irin kúkúrú oní-íǹṣì 3 lẹ rà torí pé ó dín náírà díẹ̀, ìfàyọ náà di kílò 24. Tó bá sì jẹ́ íǹṣì 12, ó wálẹ̀ sí kílò 6. Ẹrù kan náà, ògiri kan náà, irin nìkan ló yàtọ̀.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé, tí ẹsẹ̀ irin náà kò bá dọ́gba, èyí tó gùn ló yẹ kó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dorí rẹ̀ kodò torí wọ́n rò pé pákó ló nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Kí ẹsẹ̀ kúkúrú ṣáà gbà ju ìlàjì pákó lọ dáadáa. Kí ẹ sì máa ti ohun tó wúwo mọ́ ògiri, kí ẹ fi àwọn nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ sí etí iwájú. Ẹrù tó wà ní etí pátápátá ń fa skrúù ní ìlọ́po méjì èyí tó wà láàárín.

Pákó náà ní tirẹ̀. Ẹ mú rúlà onípákó tí ẹ lò ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ fi àlàfo sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ láàárín nígbà tó dùbúlẹ̀: á tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ gbé e dúró lórí etí rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: kò ní mira. Pákó tí nínípọn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́jọ ló fi le sí i. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má ná owó sórí pákó tó nípọn. Ẹ ra èyí tó wà ní ìwọ̀n, kí ẹ wá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ oní-íǹṣì 2 kan sí etí iwájú rẹ̀, kó dúró lórí ẹ̀gbẹ́ bí rúlà yẹn, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti skrúù. Òṣì igi kan báyìí lè gba pẹpẹ lọ́wọ́ títẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àlàfo láàárín irin sí irin tún wà ńbẹ̀, èyí sì ni ìṣirò tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Tí ẹrù bá tẹ́ káàkiri pẹpẹ dọ́gbadọ́gba, tí ẹ sì sọ àlàfo láàárín irin méjì di ìlọ́po méjì, pákó kò ní tẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po 16 ni. Àbí ẹ ti rí ìdí tí pẹpẹ ẹsẹ̀ bàtà 4 tó ní irin lẹ́tí méjèèjì nìkan fi máa ń dà bí àkéte ẹlẹ́kẹ̀ẹ́? Ẹ fi irin kẹta sáàárín. Chipboard, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, tún máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lábẹ́ ẹrù kan náà, ju bí igi gidi ṣe ń ṣe lọ. Pé ó dúró lọ́jọ́ tí ẹ kàn án kò túmọ̀ sí pé ó máa dúró bẹ́ẹ̀ títí di Kérésì.

Lọ́dún 1638 ni Galileo tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Leiden, tí àwòrán igi kan tó yọ jáde láti ara ògiri, tí wọ́n so ẹrù kọ́ sí etí rẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń wá nìyẹn: ìgbà wo ni igi náà máa ṣẹ́, níbo ló sì máa ti ṣẹ́? Kò rí gbogbo ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n pẹpẹ yín ló ń yà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ògiri ń sọ

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ fi ìka kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa, ì báà jẹ́ oní-íǹṣì 6 tàbí 9, ihò ńlá ló wà nínú rẹ̀. Níbi tí ihò bá wà, ẹ máa gbọ́ ohùn bí ìgbà tí wọ́n ń lu páálí. Níbi tí búlọ́ọ̀kù bá ti le gbagidi, ohùn náà á rinlẹ̀. Ibi tó rinlẹ̀ ni kí ẹ wá. Tí skrúù bá bọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń dì í mú.

Ìṣó lásán ńkọ́? Ìṣó lè gbé kàlẹ́ńdà, ó lè gbé fọ́tò ìyàwó. Ara rẹ̀ ń dán, kò sì sí ohun tó ń dì í mú tí wọ́n bá ń fà á jáde. Pẹpẹ sì rèé, fífà síta ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lo skrúù pẹ̀lú róòlù-plọ́ọ̀gì, ike kékeré tí wọ́n ń tì sínú ihò ṣáájú skrúù. Ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, John Joseph Rawlings, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn: bí skrúù ṣe ń wọlé ni ike náà ń fẹ̀, bó ṣe ń fẹ̀ ló ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ihò, títẹ̀ yẹn ló ń dì í mú. Nítorí náà, tí ihò bá fẹ̀ ju ike lọ, tàbí tí eruku sìmẹ́ńtì bá kún inú rẹ̀, kò sí ohun tó ń tẹ ohunkóhun. Ẹ fẹ́ eruku yẹn jáde, kí ẹ di ojú o.

Àwọn káfíńtà àtijọ́ máa ń gbẹ́ èèkàn igi sínú ihò dípò ike. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀. Nígbà òjò á wú, á há ṣinṣin. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ètè gbogbo wa ń là, igi náà á gbẹ, á sún kì. Èèkàn tí wọ́n kàn lóṣù Agẹmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lóṣù Ṣẹẹrẹ.

Tó bá jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú lẹ ń gbé, ẹ má gbé ohun tó wúwo kọ́ ọ rárá. Sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ju èépá lọ. Amọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí lándílọ́ọ̀dù wọn ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ rí ihò lára ògiri náà wà. Fún ẹ̀yin méjèèjì, pẹpẹ tó ń dá dúró lórí ilẹ̀ ni.

Pẹpẹ tó ń dá dúró ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì ń wá fún àwọn ọmọdé. Èyí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1, á dúró níwọ̀n ìgbà tí àárín ìwúwo rẹ̀ bá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ro ọmọ ọdún 3 tó rí bísíkíìtì lókè, tó gun pákó kejì bí àkàbà. Ìwúwo ọmọ náà wà níwájú ẹsẹ̀ pẹpẹ, pẹpẹ náà á tẹ̀lé e bọ̀. Ohun tó wúwo jù (ìrẹsì, ọlọ, kẹ́ẹ̀gì epo) ni kó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ike òfo ni kó wà lókè. Ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ há abẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kó lè fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Tí lándílọ́ọ̀dù bá lè gbà ihò kan péré, ihò yẹn ni kí ẹ fi so orí pẹpẹ náà mọ́ ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bísíkíìtì sókè.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Bẹ́ẹ̀dì oní-27 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá gbé e sókè kí abẹ́ rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2, àyè tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 27 lọ́nà 2, ìyẹn páálí 54 nínú àwọn páálí tí a fi wọn yàrá lókè. Ní lítà, ó lé ní 1,500. Àpótí ìrìn-àjò ńlá kan kì í sábà ju nǹkan bíi lítà 100 lọ. Ẹ ò ní rí i lò tán, torí nǹkan kì í tò pọ̀ mọ́ra bí omi, ṣùgbọ́n odidi wọ́dúróòbù kan lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á to búlọ́ọ̀kù méjì méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kéré, ihò búlọ́ọ̀kù tóbi, kò sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹ ṣírò ìwúwo wò: èèyàn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 70, fóòmù àti igi kílò 40, ó ti di 180. Ìyẹn tí gbogbo wọn bá rọra dùbúlẹ̀ o. Ẹrù tó já lé nǹkan lójijì, kódà láìfò rárá, agbára tó fi ń tẹ ibẹ̀ ń tó ìlọ́po méjì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ju ara yín sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ mọ ara yín.

Ẹ ní kí káfíńtà ṣe ẹsẹ̀ tuntun, igi oní-íǹṣì 3 sí 3, kó fi bóòtì so ó mọ́ férémù. Nígbà náà ni kí ẹ wá béèrè igi ìdábùú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ẹ fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kàn wọ́n nígun mẹ́rin kó dà bíi férémù, kí ẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣe onígun mẹ́ta, kí ẹ tì í: kò lọ síbì kankan àfi tí igi bá ṣẹ́. Igi kan tó dábùú láti òkè ẹsẹ̀ ọ̀kan dé ìsàlẹ̀ ìkejì ló sọ igun mẹ́rin di igun mẹ́ta méjì. Ẹ wo òpó iná gíga onírin tó gba oko kọjá, igun mẹ́ta ni gbogbo ara rẹ̀. Kí ìdábùú wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi iwájú sílẹ̀ fún kíkó ẹrù wọlé.

Àwọn kan á bi mí pé, kí ló dé tí a ò kúkú gbé bẹ́ẹ̀dì náà lọ sókè pátápátá, ní ẹsẹ̀ bàtà 5, kí tábìlì àti àga wà lábẹ́ rẹ̀ bí a ṣe ń rí i nínú fídíò àwọn ará Japan? Nínú yàrá oní-ẹsẹ̀ bàtà 9, èrò mi ni pé kí ẹ má dán an wò. Bẹ́ẹ̀dì wà ní 5, ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ gba nǹkan bíi 3, orí rẹ̀ ti wà ní 8. Ibẹ̀ gan-an ni apá fáànù ń yí. Ká tilẹ̀ ní kò sí fáànù: atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́, ó máa ń gòkè, abẹ́ àjà ló sì ń jókòó sí. Páànù tí oòrùn ti ń lù láti àárọ̀ á gbóná, á mú àjà gbóná, àjà náà á wá máa ta ooru sísàlẹ̀ sí ara yín bí iná ààrò. Tó bá sì jẹ́ dẹ́kìn ló wà lórí yín, tí kò sí àwọn míì lókè, kọnkéré yẹn á mu ooru lọ́sàn-án, á máa tú u sílẹ̀ lóru nígbà tí ẹ fẹ́ sùn. Ibi tó tutù jù nínú yàrá wa ni ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹrù máa gbé òkè, kí èèyàn sùn nísàlẹ̀.

Ní ti atẹ́gùn, ẹni tó sùn mọ́jú ń mí omi jáde, ara rẹ̀ sì ń làágùn. Tí a bá pa á pọ̀, ó tó nǹkan bí ife omi kan lóru kan. Èèyàn méjì, ife méjì. Omi yẹn ń wọnú fóòmù, ó sì fẹ́ ibi tó máa gbà jáde. Tí ẹ bá fi odidi páálí pákó sábẹ́ fóòmù, kò ní rí ọ̀nà, abẹ́ fóòmù á sì bu bíi búrẹ́dì tó pẹ́. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ tò, kí àlàfo íǹṣì 2 wà láàárín wọn. Bákan náà, ẹ má ti wọ́dúróòbù mọ́ ògiri tí òjò ń lù láti ìta, ẹ fi íǹṣì 2 sílẹ̀. Kí ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì wà nínú ike oníderí, kí ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbálẹ̀, torí eku àti aáyán ò ní béèrè kí wọ́n tó wọlé.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láé, ìyẹn sílíńdà gáàsì. Mo mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gbé e síbẹ̀: olè wà ní kọ́rídọ̀, gáàsì sì wọ́n. Ṣùgbọ́n gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ohun méjì tó wà nínú rẹ̀, propane fi nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ wúwo ju atẹ́gùn lọ, butane sì tó ìlọ́po méjì. Tó bá ń jò, kì í gòkè lọ sí fèrèsé. Ó ń ṣàn sílẹ̀ bí omi tí a kò rí, ó sì ń kó jọ síbi tó bá rẹlẹ̀, tó ní bòǹkẹ́lẹ́, tí atẹ́gùn kì í dé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara yín kọ́ irú ibẹ̀. Ẹ wá fi ẹ̀rọ alásokọ́ra iná, ìyẹn ẹksitẹ́ńṣọ̀n, síbẹ̀ pẹ̀lú, tí pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ń tà pàrà nígbà tí NEPA bá mú iná dé. Ìta ni àyè sílíńdà, nínú àgò irin tó ní àgádágodo, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Èédú náà, ẹ má dá a nínú yàrá tí ẹ ń sùn, bí òjò ti wù kó máa rọ̀ tó. Carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, yàrá kékeré sì ni ó máa ń tètè kún. Pẹpẹ yòówù kí ẹ ṣe, kó má dí fèrèsé.

Tábìlì tó ń ká, àti dígí

Èyí ò gba àkókò. Pákó kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2, híńjì méjì mọ́ igi tí ẹ ti fi skrúù dè mọ́ ògiri, àti igi ìtì kan lábẹ́ rẹ̀ tó dábùú padà sí ògiri (igun mẹ́ta wa ti dé lẹ́ẹ̀kan sí i). Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ yọ igi ìtì, pákó á wálẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó lè gbé abọ́ àti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Kì í ṣe àga, ẹ sọ fún àlejò.

Ọ̀dà funfun máa ń dá nǹkan bíi mẹ́jọ nínú ìmọ́lẹ̀ mẹ́wàá padà sínú yàrá, nítorí náà àjà funfun àti dígí ńlá kan tó dojú kọ fèrèsé lè mú kí ẹ má tan iná títí di ìrọ̀lẹ́. Dígí wúwo o. Ohun tí a sọ nípa skrúù kan òun náà.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Pẹpẹ ti dúró, ẹ fẹ́ to ìwé. Ẹ dúró ná. Ẹ lọ ra àpò píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Àpò kan ní ọ̀rá 20, ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ńtílítà 50, nítorí náà àpò kan jẹ́ lítà 10, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ìwọ̀n tó péye dáadáa, tí ẹ lè rí rà ní ojú ọ̀nà, nìyẹn. Tí ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé síbẹ̀ bá jẹ́ kílò 20, ẹ fi 40 dán an wò.

Kí ẹ tó gbé omi sí i, ẹ fa okùn tó le láti etí pẹpẹ kan dé ìkejì, ní ìsàlẹ̀ pákó, kí ẹ rí i pé pákó àti okùn fara kan ara. Ẹ kó àpò náà lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti abẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ wo bí àárín pákó ṣe ti okùn lọ sísàlẹ̀ tó: tó bá ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin íǹṣì lọ lórí ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ fi irin kẹta sí i. Ẹ wá mú bébà kan, kí ẹ gbìyànjú láti ti etí rẹ̀ bọ àárín òkè irin àti ògiri. Tó bá wọlé, skrúù ti ń jáde nìyẹn, ẹ tú u, kí ẹ wá ibòmíràn tó rinlẹ̀ lára ògiri. Tí kò bá wọlé, ẹ sọ omi kalẹ̀, kí ẹ máa to ìwé yín, àwọn tó wúwo mọ́ ògiri.

Bẹ́ẹ̀dì ò nílò omi. Ẹ di igun rẹ̀ kan mú, kí ẹ mì í gidigidi sọ́tùn-ún sósì kí fóòmù tó gorí rẹ̀. Tó bá ń dún, ẹ pe káfíńtà padà kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀.